Ó Dọ́gba, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Pé?

Ní ìpàdé tó kọjá, mo ka ìṣirò owó tán, mo ní "ó dọ́gba." Bàbá kan láti ẹ̀yìn dìde, ó ní, "Akọ̀wé, kí ló bá kí ni dọ́gba?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ti dójú tì mí rí.

Dọ́gba, bára mu, déédéé: à ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká dé Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ. Ìró àdìrẹ àtijọ́, aṣọ méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ páànù tí wọ́n dá iṣẹ́ ọnà sí ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ sí i lára, tọ̀tún tòsì á dọ́gba, torí páànù kan náà ló tẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyẹ́ adìẹ ni ìyá aládìrẹ fi ya á, ẹyẹ apá ọ̀tún ò lè dọ́gba pẹ̀lú ti òsì láéláé. Ọ̀kan á sanra díẹ̀, ìrù ìkejì á gùn jù. Síbẹ̀ oníbàárà á wò ó, á ní "ó bára mu," á sì sanwó. Èyí ló wù mí jù nínú méjèèjì. (Ẹ̀kọ ọ̀hún, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kí àwa ará Ọ̀dẹ̀dá má baà sọ pé ọ̀rọ̀ aṣọ kò kàn wá.)

Déédéé, ti ẹrù nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ tó bá jókòó déédéé lórí òṣùká, ẹni tó rù ú lè ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Èyí tó bá fì sápá kan, ọrùn ló ń jìyà rẹ̀.

Ó wá ku dọ́gba tèmi. Ìwé owó wa ní apá òsì àti ọ̀tún. Owó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kọ ọ́. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ará Ítálì kan, Luca Pacioli, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Venice lọ́dún 1494. Bí àpapọ̀ òsì bá ti bá ti ọ̀tún dọ́gba, akọ̀wé á mí kanlẹ̀. Ohun tó bá ohun dọ́gba nìyẹn, bàbá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2016, a ní ìyá méjì tí orúkọ wọn jọra. Ọ̀kan san ₦20,000, mo kọ ọ́ sójú ìwé ìkejì. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù, òsì dọ́gba pẹ̀lú ọ̀tún, mo sùn fọnfọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyá náà fẹ́ yáwó láti fi ra oko ẹ̀gẹ́ kan. Ìlọ́po méjì owó ìfipamọ́ ẹni ni òfin wa fàyè gbà, nítorí náà ẹ̀yáwó rẹ̀ fi ₦40,000 dín. Kó tó wá iyókù kiri, ẹlòmíràn ti ra oko náà. Ó gbé páàsìbúùkù rẹ̀ wá bá mi, mo rí ọwọ́ ara mi tí mo fi buwọ́ lù ú. Ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, ìwé tìrẹ dọ́gba. Tèmi ni kò pé." A tún un kọ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n oko ti lọ.

Láti ìgbà náà, bí ìwé bá dọ́gba, mi ò tíì dìde. Mò ń pe oníkálùkù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi páàsìbúùkù rẹ̀ wé ojú ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ń gba àkókò, àwọn kan sì ń kùn pé ọjà ń dúró de àwọn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, páàsìbúùkù mọ́kànlá ni mi ò tíì rí. Ẹ mú wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má sì fi rán ọmọdé.