Òórùn Ilé ní Ìdálẹ̀

Kí ni ti ilé tí oníbodè kò lè gbà lọ́wọ́ àjèjì? Òórùn ni, nítorí ọ̀nà imú kò jìnnà sí ibùjókòó ìrántí nínú ọpọlọ.

Otobong Nkanga, obìnrin tí a bí ní Kano ní ọdún 1974, tí ó sì ń gbé ní Antwerp, ṣe iṣẹ́ ọnà kan ní ọdún 2015, Anamnesis, èyíinì ni Ìrántí. Ògiri funfun ni, tí ó ní ihò gbọọrọ bí ipa odò; kọfí, tábà àti kànáfùrù kún inú rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn ará Chicago gbóòórùn rẹ̀.

Tayọ̀tayọ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun fi gba ẹrù wọ̀nyí. Báwo ni a ti ń gba àwọn tí ó ni ilẹ̀ tí ẹrù náà ti wá? Bí àjèjì bá ń se ọbẹ̀ ìlú rẹ̀ ní àgbàlá wa, kí a má ṣe dí imú: ilé ni ó ń rántí.