Kí Onígbèsè Tó Lọ Gba Ìmọ̀ràn

Ní ayé àtijọ́, bí olówó bá dúró de onígbèsè títí tí owó kò dé, ológò ni í rán sí i. Ológò a jókòó pa sí ilé onígbèsè, a máa bú u kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá sì kọjá níwájú rẹ̀, pípa ni. Bí ìtìjú náà bá pọ̀ jù, àwọn ẹbí a dá owó jọ, wọn a san án.

Ní ìlú London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, lẹ́tà ni í kọ́kọ́ wá: lẹ́tà báńkì, ti owó iná, ti owó ilé. Ẹbí kò sí nítòsí láti dá owó jọ. Nítorí ìtìjú, ẹlòmíràn a kó lẹ́tà wọ̀nyí sábẹ́ ìrọ̀rí láì tú wọn wò. Èlé kò sì mọ ìtìjú. Ńṣe ni ó ń gorí ara wọn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbani-nímọ̀ràn lórí gbèsè wà fún. Citizens Advice ti wà láti ọdún 1939. StepChange bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onígbèsè. Wọn kì í yá a lówó, wọn kì í sì bá a san gbèsè. Iṣẹ́ wọn ni láti bá a kọ owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde sílẹ̀, kí wọ́n yọ owó ilé àti owó oúnjẹ kúrò, kí wọ́n sì fi ohun tí ó kù ṣe ètò bí yóò ṣe máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Àǹfààní ńlá kan tún wà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin England àti Wales fún onígbèsè ní ọgọ́ta ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó kò fi gbọdọ̀ fi èlé kún gbèsè tàbí rán agbowó sí i. Ọwọ́ agbani-nímọ̀ràn nìkan ni a ti lè rí i gbà. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn ilé ẹjọ́ kò sí nínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa san owó ilé tuntun bí ó ti ń dé.

Ìṣòro kò ṣàì sí níbẹ̀. Èkíní, kò sí ohun tí a lè fi pamọ́: àti owó àjọ, àti èyí tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí ó bá sọ ìdajì, ìmọ̀ràn onídajì ni yóò gbà. Èkejì, bí ètò náà bá jẹ́ àdéhùn lásán, òfin kò fi dandan lé olówó láti dá èlé dúró. Ẹ̀kẹta, àkọsílẹ̀ pé ènìyàn kò san gbèsè bí ó ti yẹ lè wà lára orúkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dákẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: àwọn kan wà tí ń gba owó iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹnìkan jẹ £3,000, ó sì lè san £75 lóṣù. Bí èlé bá dúró, oṣù 40 ni yóò fi san án tán. Bí agbani-nímọ̀ràn bá ń yọ £25 nínú rẹ̀ lóṣooṣù, yóò di oṣù 60, £1,500 yóò sì ti bọ́ sápò ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn a tún máa gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá darí onígbèsè sí, títí àjọ FCA fi fi òfin de irú owó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Nítorí náà, kí onígbèsè tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kí ó béèrè pé: ta ni ń san owó iṣẹ́ yín? Owó StepChange, àwọn olówó fúnra wọn ni wọ́n ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ tí ó dájú sàn ju gbogbo rẹ̀ tí kò ní dé láé.

Ní tèmi, lílọ sàn ju jíjókòó lọ, bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í gba owó, tí a sì tètè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, nígbà tí owó oṣù yìí bá pẹ́ kí ó tó dé, ẹ má ṣe bínú. Ẹ bi í léèrè bí ó ti ń jẹ, bí ó ti ń mu, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lè sọ òtítọ́ fún yín. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.