Ọjà Àgbàtà: Ta Ni Ó Ni Ín Nígbà tí Ṣọ́ọ̀bù Bá Bọ́ sí Ọwọ́ Ẹlòmíràn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọjà rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí oníṣọ́ọ̀bù fi owó ara rẹ̀ rà, àti èyí tí ẹlòmíràn gbé lé e lọ́wọ́ pé kí ó bá òun tà, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú ẹni tí ń kọjá lọ. Níwọ̀n ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá wà ní ìdí ọjà rẹ̀, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí ó bá kú, tàbí tí gbèsè bá bò ó mọ́lẹ̀, tàbí tí ó bá ta ṣọ́ọ̀bù náà, ọjọ́ náà ni a ó mọ alángbá tí inú ń run.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò Mowe, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀ gidigidi. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 ni ó kọ́kọ́ kó èrò wá sí Ìfọ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1978 ni ó sì sọ Mowe àti Ìbafọ̀ di ibi tí èrò ń wọ́ lọ. Níbi tí èrò ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ pààrọ̀ ọwọ́.

Kì í sì í ṣe gààrí àti ìrẹsì nìkan ni a ń gbé fún alágbàtà. Àwọn kan ń gbé iyùn àti sẹ̀gi, àwọn mìíràn ń gbé aṣọ sányán ìyá àgbà, kọ́bọ̀ oníhò ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwo orin Hárúnà Ìṣọ̀lá, tàbí aago ara ògiri tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Bí àpò gààrí kan bá sọnù, a lè fi àpò mìíràn dí i. Kí ni a ó fi dí iyùn tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Baba arúgbó kan gbé iyùn fún oníṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá, ó sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

“Ọmọ mi, iyùn mi ni mo wá wò.”

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo ra ṣọ́ọ̀bù yìí tòun ti ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀, mo sì san owó rẹ̀ pé.”

“Ohun tí ẹni tí ó tà á fún ọ kò ní ni o rà.”

“Ṣé ẹ ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, bàbá?”

Àwọn méjèèjì kò ṣe olè. Ẹni tí ó gba owó tí ó sì bá tirẹ̀ lọ kò sí níbẹ̀ láti fèsì.

Ìpìlẹ̀ òfin ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ó sì sọ olùrà di onínǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọjà títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 wí. Òfin ọjà títà tí ó wà nínú ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1959 tẹ̀ lé e, òun ni Ìpínlẹ̀ Ògùn sì bá nílẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1976. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àwọn àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohun onínǹkan máa ń gbà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹjọ́ méjì tí a dá ní London fi èyí hàn kedere. Nínú èkíní, tí ó wà nínú ìwé ìdájọ́ ti 1897, Kirkham gbé ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye fún Winter pé kí ó tà á, tàbí kí ó dá a padà. Winter lọ fi í dógò lọ́dọ̀ Attenborough, ayánilówó. Àwọn adájọ́ ní, nígbà tí Winter ti fi ohun náà dógò, ó ti ṣe é bí ohun tí ó gbà fún ara rẹ̀, nítorí náà ó ti di tirẹ̀. Kirkham kò rí ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Attenborough. Owó nìkan ni ó kù tí ó lè bi Winter. Nínú èkejì, ní 1906, Weiner pẹ̀lú gbé ohun ọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ohun náà sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ayánilówó tí ń jẹ́ Gill. Ṣùgbọ́n Weiner ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ti òun ni ohun náà títí a ó fi san owó rẹ̀, tàbí títí òun yóò fi kọ ọ́ sí gbèsè ẹni tí ó gbà á. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Gbólóhùn kan ni ó ya Weiner sọ́tọ̀ kúrò lára Kirkham.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2007, ilé ìtajà àwòrán Salander-O'Reilly ní New York ti ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ńláńlá ti gbé àwòrán fún un láti tà; iṣẹ́ ọwọ́ bàbá òṣèré Robert De Niro wà lára wọn. Lawrence Salander ti ta púpọ̀ láìjẹ́ kí onínǹkan mọ̀. Ó jẹ́wọ́ ní 2010, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 6 sí 18. Àwọn onínǹkan àti àwọn tí ó jẹ ní gbèsè ni wọ́n jọ ń du ohun tí ó ṣẹ́kù. Ní 2012, ìjọba New York mú òfin le, kí àwọn olówó gbèsè má baà lè fọwọ́ kan iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà tàbí ajogún rẹ̀ gbé fún alágbàtà.

Kí ni kí a wá ṣe? Lọ́jọ́ tí a bá gbé ohun kan sílẹ̀, kí a kọ ìwé méjì: ọ̀kan fún onínǹkan, ọ̀kan fún alágbàtà. Kí a kọ irú ohun tí ó jẹ́ sí i, àti àmì tí a fi lè dá a mọ̀, iye tí a kò gbọdọ̀ tà á kéré sí, ìdá tí alágbàtà yóò gbà, àti ọjọ́ tí yóò dá a padà bí kò bá tà. Lẹ́yìn náà kí a kọ ọ́ pé: “Ti èmi tí mo gbé ohun yìí sílẹ̀ ni, títí a ó fi san owó rẹ̀ pé fún mi.” Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, kí a sì ya fọ́tò ohun náà. Kí onínǹkan máa yọjú síbẹ̀ lóṣooṣù, nítorí bí oníbàárà bá ti fi òtítọ́ inú rà á lọ lórí káńtà, òfin lè gbè é, owó nìkan ni yóò sì kù láti bèèrè.

Ẹni tí ó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù odindi kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní àyè láti bèèrè. Kí ó gba ìwé àkọsílẹ̀ ọjà àgbàtà kí ó tó ka owó. Kí ó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sì dá díẹ̀ dúró nínú owó náà títí àwọn onínǹkan yóò fi wá. Bí ó bá ti mọ̀ pé ohun àgbàtà ni, tí ó sì dákẹ́, kí ó rántí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé pẹ̀lú, kí wọ́n má ṣe pín ohun tí baba wọn kò ní.

Ti ère àtijọ́ tún yàtọ̀. Òfin 1979 lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí kò ṣe aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú ń tì láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ará ilé ìjọsìn kan náà, kí a má baà sọ pé a kò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa ni a ń kọ ìwé náà dè, bí kò ṣe àjèjì tí yóò jókòó sí ipò rẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.