Ìdájọ́ Wo Lẹ Lè Tọ́ka Sí? Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Rojọ́ Láìní Agbẹjọ́rò ní Ìpínlẹ̀ California

Bí ẹ bá dúró níwájú adájọ́ ní California tí ẹ ní, "Ẹnì kan ti ṣe irú ẹjọ́ yìí rí, ó sì jàre," ohun tí adájọ́ yóò bi yín ni pé: ẹjọ́ wo, kóòtù wo, ọdún wo? Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ wo ẹjọ́ kan tó kan gbogbo ayálégbé. Ọkùnrin kan ní San Francisco kọ̀, kò san owó ilé mọ́. Àjà balùwẹ̀ rẹ̀ ti já lulẹ̀, ilé tutù nini, eku àti aáyán ń rìn bó ṣe wù wọ́n, wáyà iná sì wà níta gbangba láìbò. Onílé pè é lẹ́jọ́ kó lè lé e jáde. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì dájọ́ pé ẹni tó ń gba owó ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé ṣeé gbé, àti pé ayálégbé lè fi ipò tí ilé wà gbèjà ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí i rèé:

Green v. Superior Court (1974) 10 Cal.3d 616

Orúkọ ẹjọ́ ló ṣáájú, ọdún ìdájọ́ tẹ̀ lé e. Ìwé kẹwàá ló wà, nínú ọ̀wọ́ kẹta ìwé ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ojú ewé 616 ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí Cal.App., kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló dá a. Bí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ yọ, ẹ kọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an wà.

Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ de gbogbo kóòtù ìpínlẹ̀ náà. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló tẹ̀ lé e, ó pín sí ẹkùn mẹ́fà. Ìdájọ́ tí ẹkùn kan bá tẹ̀ jáde de kóòtù àkọ́kọ́ níbi gbogbo ní California. Ẹjọ́ Auto Equity Sales ti 1962 ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Bí ẹkùn méjì bá tako ara wọn, adájọ́ kóòtù àkọ́kọ́ ni yóò yan èyí tí yóò tẹ̀ lé. Ti Texas tàbí New York ńkọ́? Adájọ́ lè gbọ́ ọ, kò di dandan kó gbà á.

Ibi tí ó ń dun ni jù rèé. Ẹ lè rí ìdájọ́ tó bá ọ̀rọ̀ yín mu rẹ́gí, síbẹ̀ kí ẹ má lè lò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdájọ́ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í wọ inú ìwé, wọ́n á sì kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé "NOT TO BE PUBLISHED IN OFFICIAL REPORTS". Òfin kóòtù 8.1115 kò gbà kí ẹ tọ́ka sí i, àyàfi nígbà díẹ̀, bíi tó bá jẹ́ ẹjọ́ tiyín fúnra yín ni wọ́n dá. Ẹ wo ojú ewé yẹn kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbára lé ẹjọ́ tí ChatGPT bá kó fún yín. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Los Angeles bu ìtanràn 10,000 dọ́là lé agbẹjọ́rò kan tó lo ChatGPT: nínú ọ̀rọ̀ 23 tó fà yọ nínú ìwé àkọ́kọ́ tó kọ sí kóòtù, 21 ni kò sí níbì kankan. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé òfin tó wà ní káúntì yín, ẹ ka ìdájọ́ náà látòkè délẹ̀, kí ẹ sì ní kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń lo Shepard's tàbí KeyCite, ètò tí wọ́n fi ń yẹ ìdájọ́ wò, hàn yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kóòtù mìíràn ti wọ́gi lé e.

Bí kóòtù bá dá yín lẹ́bi, tí ẹ sì fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 60 lẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ìdájọ́ jíṣẹ́ fún yín. Bí owó ẹjọ́ kò bá ju 35,000 dọ́là lọ, bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lílé ayálégbé ṣe rí, ọjọ́ 30 péré ni. Adájọ́ kankan kò lè fi ọjọ́ kan kún un.