Bí A Ṣe Ń Kó Ogun Bọ́mà Sórí Páálí

Dáyórámà ni mo fẹ́ ṣàlàyé lọ́tẹ̀ yìí. Ìran kékeré tí a fọwọ́ ṣe ni, tó ní ilẹ̀, ọkọ̀ àti èèyàn nínú, tí gbogbo wọn dúró sójú kan bíi fọ́tò. Kì í ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé o. Ó gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ hàn.

Ìran tí mo mú ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní West African Way. Láti ìparí ọdún 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, àwọn sójà Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, fọwọ́ la ọ̀nà yẹn gba orí òkè láti Chiringa dé Daletme, létí odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Nǹkan bíi máìlì 75 ni. Ọ̀nà jíípù lásán ni. Níwájú ibẹ̀, bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù.

Ìwọ̀n ló ṣòro jù. Ìwọ̀n 1/35 wọ́pọ̀ gan-an fún ọkọ̀ ogun. Ilé-iṣẹ́ Tamiya ti Jàpáànù ló mú un wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe táǹkì Panther wọn, wọ́n wá ìwọ̀n tí bátìrì àti mọ́tò á fi lè wọnú ẹ̀, òun ló di 1/35. Ẹ ò rí nǹkan, bátìrì ló pinnu! Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé 35 la máa fi pín gbogbo nǹkan. Jíípù Willys tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 333 á di 9.5. Èèyàn tó ga ní 170 á di 5 ó dín díẹ̀. Táyà á di bíi 2. Tí sójà yín bá wá ga tó 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíípù yẹn, òmìrán lẹ ṣe.

Èyí tí wọ́n ń tà wọ́n, nítorí náà páálí bísíkíìtì la fi ṣe ara ọkọ̀, a gé táyà lára sílípáàsì tó ti já. Fóòmù funfun tó máa ń bá tẹlifíṣọ̀n tuntun wá ni òkè. Ìgbálẹ̀ ni ọparun: ẹyọ kan tó nípọn ní mílímítà 2 jẹ́ ọparun sẹ̀ǹtímítà 7, ó bá a mu gẹ́lẹ́.

Ẹ má kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lọ sùn. Nǹkan kékeré kì í ní òjìji tó. Ẹ po ọ̀dà dúdú pọ̀ mọ́ omi púpọ̀, kó ṣàn wọ àwọn kọ̀rọ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ra àwọn etí tó yọ síta. Erùpẹ̀ pupa tí a sẹ̀ ni ẹrẹ̀ ara táyà.

Ọ̀pọ̀ á fi gbogbo agbára sórí jíípù. Lójú tèmi, àwọn aláàárù ni ìran yẹn gan-an. Wáyà ni eegun wọn, bébà tí a rẹ sínú gọ́ọ̀mù ni ẹran ara. Ẹ fi òṣùká sábẹ́ ẹrù o! Ọrùn á nà, ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán; ẹni tó bá tẹ̀ síwájú kò ru nǹkan kan. Ní èjìká, àmì yẹ́lò tó ní aláǹtakùn dúdú: ẹnu bírò ti tó láti fi tò ó.

Ọ̀kan nínú wọn yàtọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16, ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa ní SS2. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ló wà. Ní Mars 1944, àwọn ará Jàpáànù yìnbọn bá wọn létí odò Kaladan, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni àwọn ará abúlé fi pamọ́ títí di Disẹ́ńbà ọdún náà. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fi ọ̀dọ́ kan sẹ́yìn ìlà, tí mo fi mílímítà 3 dín gíga ẹ̀. Kò gbé ìbọn, àpótí oògùn ló rù.