Ìmọ́lẹ̀ kọ lu wúrà, iná mọ̀nàmọ́ná jáde

Ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ pánẹ́ẹ̀lì sólà tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, tí oòrùn yóò pa á, tí yóò sì máa mú iná wá. Ṣùgbọ́n wúrà tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí, ta ló rò pé òun náà lè sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mọ̀nàmọ́ná, kí ó tún yan ọ̀nà tí iná náà yóò gbà?

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwádìí Los Alamos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe gan-an nìyẹn. Jacob Pettine àti Hou-Tong Chen wà lára wọn. Inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature ni wọ́n ti gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2024.

Wúrà tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí ojú lásán lè rí. Ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo, kí àyè ṣì ṣẹ́ kù. Wọ́n tò ó sórí graphene, ìyẹn ìpele tín-ín-rín kan lára èròjà dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Bí wọ́n ṣe tan iná laser sí i wàì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wúrà ń mì síwá sẹ́yìn bí omi inú igbá. Ibi tó ṣe ṣóńṣó lára wúrà náà ni agbára ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù, ó sì mú kí graphene abẹ́ rẹ̀ gbóná ju ibòmíràn lọ. Bí apá kan bá ti gbóná ju èkejì, elẹ́kítírọ́ọ̀nù á ṣí lọ. Iná dé nìyẹn, láìsí bátìrì.

Ká ní wúrà náà rí róbótó ni, ti ìhín ì bá pa ti ọ̀hún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe é ní ṣóńṣó lápá kan. Ibi tí wọ́n bá kọ ṣóńṣó náà sí ló ń darí iná, bí àgbẹ̀ ṣe ń la poro fún omi.

Àrà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ife gíláàsì Lycurgus tí àwọn ará Róòmù ṣe ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọ̀ ewé ló ní, ṣùgbọ́n bí a bá tan iná sínú rẹ̀, pupa ló ń dà. Wúrà àti fàdákà kíkúnná tó wà nínú gíláàsì náà ló fà á.

Ẹ má tíì tú pánẹ́ẹ̀lì yín o! Iná tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń tan gílóòbù. Bó ṣe ń ṣẹ́jú wàì yẹn ló ń tú ìgbì terahertz jáde, ìgbì tó lè gba inú aṣọ àti bébà kọjá, tí wọ́n fi lè rí ohun tí èèyàn fi pamọ́ sára.