Já Oúnjẹ Gbà Lẹ́nu Iná

Ní Pleasure, lójú títì Èkó sí Abẹ́òkúta, kí o tó kan Abúlé Ẹ̀gbá bí o bá ń bọ̀ láti Ìyánà Ìpájà, ilé tó gbójú lé iná NẸ́PÀ nìkan ò pọ̀. Ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ á ní ínfátà, ẹlòmíì kó méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọdé ibẹ̀ tètè mọ òórùn wáyà tó ń jó: òórùn rọ́bà tó ń yọ́, tó máa ń ta síni nímú kí èéfín tó yọ lára ògiri. Kò sẹ́ni tó ń sáré wá omi, torí àgbà ti kìlọ̀ pé omi àti iná mànàmáná kì í ṣọ̀rẹ́. "Ẹ pa á níbi ṣéńjófà!" ni ariwo tí wọ́n ń pa. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á fa ọwọ́ rẹ̀ wá sí àárín, ibi tí kò ti gba ti NẸ́PÀ, tí kò sì gba ti jẹnẹrétọ̀. Ilé á ṣókùnkùn, gbogbo ènìyàn á bọ́ síta, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa wá ibi tó ti jó.

Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ń wa hẹlikópítà: kọ́kọ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu iná, kí o tó bá iná jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè ò lè bọ́ síta. Ohun yòówù tó bá pa, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Robinson R44, hẹlikópítà kékeré oníjókòó mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì kan. Bí wáyà bá ń jó nínú rẹ̀ lókè, ohun tí ìwé rẹ̀ wí ò gùn: pa bátìrì, pa ọ́tánétọ̀, balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o wá paná, kí o sì wo ibi tó bà jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò ní kú, torí máginẹ́tò tó ń ṣáná sí epo rẹ̀ kì í gba iná lọ́wọ́ bátìrì. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì á bá a lọ. Èkíní ni góbánọ̀, tó ń bá awakọ̀ tún eré ẹ́ńjìnnì ṣe. Èkejì ni fèrè tó ń ké bí apá tó ń yí lókè bá ti ń dẹ̀ jù. Apá yẹn ló sì gbé gbogbo wọn dúró. Látìgbà tó bá ti pa bátìrì, ojú awakọ̀ ló di fèrè, ọwọ́ rẹ̀ ló di góbánọ̀.

Hẹlikópítà ńlá tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sórí òkun ní jẹnẹrétọ̀ méjì, ohun tó sì fi ń ríran lóru, iná ló ń gbé e. Bí awakọ̀ bá pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú ara rẹ̀ ló fọ́. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pa á, wọ́n á wò ó bóyá èéfín ń dínkù, kí wọ́n tó kan òmíràn. Bírékà tó bá sì já, wọn kì í sáré tì í padà. Nílé, a máa ń tì í ṣáá títí tí á fi gbà. Lókè, ìyẹn lè sọ òórùn lásán di ọwọ́ iná.

Ti ẹ́ńjìnnì tún yàtọ̀. AW139, irú èyí tó ṣubú pẹ̀lú Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ ìgbà náà, ní Kàbà ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2019 tí kò sẹ́ni tó kú, ní ẹ́ńjìnnì méjì. Bí iná bá mú ọ̀kan, àmì pupa á tàn. Awakọ̀ kì í kàn nawọ́ pa á. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á jọ wò ó, wọ́n á pe nọ́ńbà rẹ̀ síra wọn létí, kí ọwọ́ tó kan bọ́tìnnì. Ẹ wo ohun tí àṣìmú ẹ́ńjìnnì lè fà: ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1989, ní Kegworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń wa bàálù Boeing 737 kan pa ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá, wọ́n fi èyí tó bà jẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn 47 ló kú. Nínú AW139, ìgbà tó bá dá awakọ̀ méjèèjì lójú ni wọ́n á dí epo ẹ́ńjìnnì tó ń jó, kí wọ́n tó tú gáàsì apaná sí i. Bí epo bá ṣì ń ṣàn, gáàsì á tán, iná á tún ràn. Ìgò gáàsì náà ò sì ju méjì lọ. Ní Ìkẹjà níbí, iléeṣẹ́ Caverton ní ẹ̀rọ àfarawé AW139, tí awakọ̀ ti lè fi iná tí kì í jóni kọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́.

Èrò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti balẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yún un láti sáré, bẹ́ẹ̀ apá òkè lè ṣì máa yí, ti ìrù sì ń yí débi pé ojú kì í rí i. Bí awakọ̀ bá ti ní kí o jáde, tẹ̀ ba, gba iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ níbi tó ti lè rí ọ. Má ṣe gba ẹ̀yìn láéláé. Ẹni tó yọ lọ́wọ́ iná tó wá sáré kó sẹ́nu ìrù, ta ló fẹ́ bá wí?